Kọ̀ǹpútà Kò Kú, Ẹrù Ló Wúwo: Bí Ìyá Atẹ̀wé Ṣe Bọ́ Agbádá Lọ́rùn Ẹ̀rọ Rẹ̀

“Màmá, ẹ gbé e jù nù. Kọ̀ǹpútà yìí ti kú. Ẹ lọ ra tuntun.”

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni, àmọ́ ó tó láti gba oorun lójú ẹni tó ń fi ẹ̀rọ jẹun. Bí àwọn kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, kíá, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Wọn kì í béèrè ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà gan-an, wọn kì í sì í béèrè ibi tí owó tuntun ti máa wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá atẹ̀wé kan ṣe àpèjúwe. Kò sí àdúgbò tí kò ní irú wọn. Ẹ bá wọn l'Abẹ́òkúta, ẹ bá wọn n'Ìbàdàn, ẹ bá wọn l'Óṣogbo. Ṣọ́ọ̀bù wọn kì í ju yàrá kan lọ. Prínta kan wà lórí tábìlì, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láàpútọ́ọ̀pù tókúnbọ̀ tí wọ́n rà ní Computer Village n'Ìkẹjà wà níwájú wọn, ara rẹ̀ ti bó, bátìrì rẹ̀ kò sì gba iná dúró mọ́. Òun ni ìyá wa fi ń tẹ lẹ́tà fún ẹni tó ń wáṣẹ́. Òun ló fi ń tẹ iṣẹ́ àṣejáde fún àwọn ọmọ pólì. Òun ló fi ń ṣe káàdì ìsọmọlórúkọ àti ìwé ètò ìsìnkú.

Tó bá tún dalẹ́, ìyá yìí kan náà ni alájọ àwọn obìnrin ọjà. Orúkọ kálukú, iye tí kálukú ti dá, ọjọ́ tó kan kálukú láti kó, inú láàpútọ́ọ̀pù yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Elélùbọ́ wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn, aláta wà níbẹ̀, aránṣọ wà níbẹ̀, ìyá oníbàtà náà ò gbẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ yẹn bá kú lóòótọ́, ṣé ìyá nìkan ló máa sunkún?

KÍ LÓ Ń ṢE Ẹ̀RỌ NÁÀ?

Bí ìyá bá tan kọ̀ǹpútà náà láàárọ̀, á gbá ṣọ́ọ̀bù tán, á wọ́n omi síta, á jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán, kó tó di pé ojú ẹ̀rọ mọ́. Bó bá tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ ronú. Bó bá ṣí iṣẹ́ méjì pa pọ̀, ẹ̀rọ á dúró gbagidi bí ìbaaka tó kọ̀. Oníbàárà á dìde, á ní, “Ìyá, mo ń bọ̀ o.” Ẹ̀yin ọlọ́jà náà kúkú mọ ìtumọ̀ “mo ń bọ̀” yẹn.

Àìsàn náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ibi méjì ni ẹrù ń wà nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan dà bí àtẹ tí ẹ̀ ń pa ọjà sí níwájú yín, RAM ni wọ́n ń pè é. Èkejì dà bí yàrá ẹ̀yìn tí ẹ̀ ń kó ọjà pamọ́ sí, hard disk nìyẹn. Ohun tó bá wà lórí àtẹ, ọwọ́ máa ń tètè tó o. Ṣùgbọ́n bí àtẹ bá kún, tí oníbàárà tún béèrè nǹkan mìíràn, ẹ ní láti kó díẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn kí ẹ tó lè kó òmíràn jáde. Wọlé, jáde, wọlé, jáde. Kí ẹ tó ṣe é tán, oníbàárà ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Àtẹ kọ̀ǹpútà ìyá yìí kò ju GB 2 lọ. Hard disk rẹ̀ sì jẹ́ ti àtijọ́, èyí tí àwo inú rẹ̀ máa ń yí bíi ti rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹrù tí wọ́n wá gbé lé e lórí ńkọ́? Windows 10 ni. Ilé iṣẹ́ Microsoft gbé e jáde lọ́jọ́ 29 oṣù Júláì 2015. Lọ́jọ́ 14 oṣù Ọ́kítóbà 2025, wọ́n dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò díẹ̀. Ìyẹn ni pé bí olè bá rí ihò tuntun lára ògiri, kò sí bíríkìlà tó máa wá dí i mọ́.

Windows 11, tó ti jáde láti ọjọ́ 5 oṣù Ọ́kítóbà 2021, ni wọ́n ní kí èèyàn kó lọ sí. Àmọ́ ìyẹn ní tirẹ̀ ní RAM kò gbọdọ̀ dín sí GB 4, àyè ìkẹ́rù kò gbọdọ̀ dín sí GB 64, kí ẹ̀rọ sì tún ní ohun ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0. Ibo ni láàpútọ́ọ̀pù tókúnbọ̀ àtijọ́ ti fẹ́ rí gbogbo ìyẹn? Ibẹ̀ ni “ẹ gbé e jù nù” ti wá.

“TA LÓ Ń FÚN ÈÈYÀN NÍ NǸKAN LỌ́FẸ̀Ẹ́?”

Ọmọ àbúrò ìyá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì, ló wọlé lọ́jọ́ kejì tó bá a níbi tó ti káwọ́ lérí.

“Mọ̀mí, ẹ má tíì gbé e jù nù. Ẹ jẹ́ ká yọ Windows kúrò, ká fi Linux sí i.”

“Eélòó ni wọ́n ń tà á?”

“Ọ̀fẹ́ ni, Mọ̀mí.”

Ìyá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. “Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ta ló ń fún èèyàn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ láyé yìí? Kò ní jẹ́ ti àwọn ọmọ Yahoo?”

Ìbéèrè àgbà ni ìyá béèrè, ó sì ní ìdáhùn. Lọ́dún 1983, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Richard Stallman, kéde iṣẹ́ kan tó pè ní GNU. Ìlànà rẹ̀ dà bíi ti olóúnjẹ tó se ọbẹ̀ tán, tó wá kọ bó ṣe sè é sára ògiri fún gbogbo ayé láti kà. Ìwọ náà lè sè é, o lè fi irú sí i, o lè yọ ata kúrò, o tiẹ̀ lè tà á. Àmọ́ bí o bá gbé ọbẹ̀ tìrẹ náà fún ẹlòmíràn, ìwọ náà gbọ́dọ̀ kọ bí o ṣe sè é fún un. Kò sí pé à ń bo ìdí ìkòkò. Lọ́dún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 kan ní Yunifásítì Helsinki lórílẹ̀-èdè Finland, Linus Torvalds, gbé ọkàn ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Linux jáde. Nígbà tó yá, ó fi í sábẹ́ ìlànà ọbẹ̀ yẹn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé ti ń bu iyọ̀ tiwọn sí i.

Ẹni tó bá rò pé àjèjì ni Linux, kó wo fóònù Android tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Linux ló wà nídìí rẹ̀. Ó ti ń bá wa jẹun látọjọ́ yìí, a ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Àwọn tó ń kó ọbẹ̀ náà pọ̀ tí wọ́n ń bù ú fún aráyé pọ̀ díẹ̀. Ubuntu wà lára wọn, ọmọ South Africa kan, Mark Shuttleworth, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2004. Èyí tí ọmọ àbúrò ìyá yàn ni Debian. Ian Murdock ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1993, ó sì so orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀, Debra, pọ̀ mọ́ Ian tirẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Ó ní, “Ó dáa, ẹni tó bá mọ ìfẹ́ kò ní jà mí lólè.”

IṢẸ́ ÀKỌ́KỌ́: Ẹ KÓ ẸRÙ YÍN JÁDE

Kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun, ìyá ní, “Àjọ àwọn èèyàn ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo àlàyé yìí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi Linux rọ́pò Windows, ilé ló fẹ́ wó tó fẹ́ tún kọ́. Ta ló ń wólé láìkó ẹrù jáde? Wọ́n da gbogbo iṣẹ́ ìyá sórí fúláàṣì kan, wọ́n tún dà á sórí òmíràn. Ìyá kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé fúláàṣì méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹnìkejì rẹ̀, kí wọ́n ṣí ìwé àjọ níbẹ̀, kóun fojú òun rí orúkọ elélùbọ́ àti iye tó dá. Ó rí i. Ìgbà yẹn ló tó ní, “Ó yá, máa ṣe é lọ.” Ẹ kíyè sí ìwà ìyá yìí o. Ọ̀pọ̀ ló da ẹrù sórí fúláàṣì tí kò yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lò ó ni wọ́n tó mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà lọ sórí ìkànnì Debian, ó fa fáìlì kan tí kò tó GB kan. Ó fi ètò kan tó ń jẹ́ Rufus gbé e sórí fúláàṣì mìíràn. Òfìfo ni fúláàṣì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí ohunkóhun tó bá wà lórí rẹ̀ máa lọ ni. Ó ki fúláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ láàpútọ́ọ̀pù, ó tan án, ó sì ń tẹ F12 léraléra kí Windows tó jí. F12 ni ti Dell àti Lenovo, lórí ọ̀pọ̀ HP, F9 ni. Ẹ̀rọ wá béèrè ibi tí kó ti jí, ó sì yan fúláàṣì.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e kò le. Èdè wo? Ìlú wo? Kí lorúkọ rẹ? Ibi tí wọ́n ti béèrè páàsìwọ́ọ̀dù ọ̀gá àgbà tí wọ́n ń pè ní root, ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Bí wọ́n bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ á gbé àṣẹ ọ̀gá lé ìyá fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbà tó kan pé kí wọ́n nu hard disk mọ́, ọmọ náà dúró.

“Mọ̀mí, bí mo bá tẹ eléyìí, kò sí ẹ̀yìn mọ́ o.”

Ìyá fọwọ́ kan àpò tí fúláàṣì méjèèjì wà. “Tẹ̀ ẹ́.”

AGBÁDÁ KỌ́ LA FI Ń ROKO

Wọ́n ṣe é tán, ẹ̀rọ jí, ojú rẹ̀ dùn ún wò. Ìyá tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ronú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ tún ronú.

“Ṣé èyí tí o ní ó máa yá náà nìyí?”

Ojú ti ọmọ náà. Linux ti wọlé lóòótọ́, kí ló wá dé tí ẹ̀rọ kò yá? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé irọ́ ni Linux, tí wọ́n á padà sídìí ohun tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ara, ọ̀tọ̀ ni aṣọ.

Linux ni ara. Ohun tí ojú ń rí, ìyẹn àwòrán kéékèèké tí à ń tẹ̀, ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀ tàbí lókè, fèrèsé tó ń ṣí tó ń pa dé, aṣọ lèyí. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní desktop environment. Lórí Windows, ara àti aṣọ lẹ̀ mọ́ra, wọn kò fún ọ láyè láti pààrọ̀ ọ̀kan kí o fi èkejì sílẹ̀. Lórí Linux, aṣọ pọ̀ nínú àpótí, èyí tó bá wù ọ́ ni wàá wọ̀.

Èyí tí Debian máa ń wọ̀ fún ẹni tí kò bá yan aṣọ ni GNOME. Agbádá ni GNOME. Ó gbayì, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, òde ńlá ló yẹ. Ẹ̀rọ tó ní àtẹ ńlá á gbé e láìmikàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìyá, àgbẹ̀ ni, oko ló ń lọ. Ẹni tó bá wọ agbádá onípele mẹ́ta lọ roko, ṣé ọkọ́ ló fẹ́ gbé ni àbí apá aṣọ ló fẹ́ máa ká sókè?

Aṣọ iṣẹ́ wà. Ọ̀kan ni Xfce, tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Olivier Fourdan, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1996. Wọn kò pa á tì látìgbà náà, ẹ̀dà 4.20 rẹ̀ jáde lóṣù Disẹ́ńbà 2024. Òmíràn ni LXDE, tí Hong Jen Yee, ọmọ Taiwan, dá sílẹ̀ lọ́dún 2006. LXQt ni àbúrò rẹ̀ tó wọ́pọ̀ báyìí. Àwọn wọ̀nyí ni dàńṣíkí àti ṣòkòtò péńpé: kò sí ìṣẹ̀ṣọ́, kò sí ohun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, apá ráyè ju ọkọ́.

ALẸ́ TÍ INÁ LỌ

Kò sí ìdí láti tún ilé wó. Aṣọ nìkan ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀. Ọmọ náà fi íntánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀ ran láàpútọ́ọ̀pù lọ́wọ́, ó ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní Terminal, ó sì kọ́kọ́ tẹ èyí láti mọ ohun tuntun tó wà lọ́jà:

sudo apt update

Ẹ̀rọ béèrè páàsìwọ́ọ̀dù. Ìyá ń tẹ̀ ẹ́, kò rí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ, kò sí lẹ́tà, kò sí àmì. “Bọ́tìnnì yìí ti bàjẹ́!” Rárá o. Bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn, kí ẹni tó ń yọjú lẹ́yìn má bàa ka iye rẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, kí ẹ sì tẹ Enter. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá tẹ èyí tó ń gbé aṣọ wọlé:

sudo apt install task-xfce-desktop

Lórí Ubuntu, sudo apt install xubuntu-desktop ni wọ́n máa tẹ̀. Ẹ̀rọ ka àwọn ohun tó fẹ́ fà jáde, ó sọ bí wọ́n ṣe tóbi tó, ó sì béèrè bóyá kóun máa lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti yẹ dátà yín wò. Lẹ́yìn náà ó lè béèrè ẹni tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, gdm3 tàbí lightdm. Lightdm ló fúyẹ́ jù, òun ni ọmọ náà yàn. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í da ìlà lé ìlà bí òjò.

Ó ti ń parí lọ ni wọ́n mú iná lọ.

Bátìrì tó ti kú látọjọ́ yìí kò lè dá nǹkan kan dúró. Ojú ẹ̀rọ dúdú fọ́ọ́. Ìyá pariwo, “Yéè! Wọ́n ti pa mí!” Ọmọ náà sáré lọ fa jẹnẹrétọ̀, kò tètè dáhùn, ó tún fà á, ó gbọ́. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà. Kò jí dáadáa, àwòrán kò jáde, lẹ́tà funfun lórí ojú dúdú ló kù.

Kì í ṣe ikú nìyẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n já dání lágbedeméjì ni, bí aṣọ tí aránṣọ kò tíì so òkùn rẹ̀. Ọmọ náà di Ctrl àti Alt mú, ó tẹ F3, ẹ̀rọ béèrè orúkọ àti páàsìwọ́ọ̀dù, ó sì tẹ méjì yìí tẹ̀ léra:

sudo dpkg --configure -a

sudo apt --fix-broken install

Èyí àkọ́kọ́ ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó parí ohun tó ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì ń ní kó wá ohun tó bá já kó sì so ó. Ìlà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ. Ìyá dúró lẹ́yìn ọmọ náà, kò sọ̀rọ̀, fúláàṣì méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi tẹ̀sùbáà. Ìgbà tí ìlà dúró, ọmọ náà pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Ẹnu ọ̀nà jáde. Nígun kan lójú ẹ̀rọ, àmì kékeré kan wà tí wọ́n ti ń yan aṣọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yan Xfce, ó kọ páàsìwọ́ọ̀dù.

Ojú ẹ̀rọ mọ́. Ìyá tẹ bọ́tìnnì, ó dáhùn. Ó tún tẹ òmíràn, ó dáhùn. Ó ṣí ìwé àjọ láti orí fúláàṣì, ó sì rí gbogbo orúkọ níbi tó fi wọ́n sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì gbá ṣọ́ọ̀bù dé ìdajì tí kọ̀ǹpútà fi ti ń dúró dè é.

Ẹ rántí pé agbádá kò lọ o. Ó ṣì wà nínú àpótí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni yóò ti yàn án. Ẹni tó bá sì ń ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má ṣe bí ọmọ yìí. Níbi tí Debian ti ń to orúkọ aṣọ sílẹ̀, kó yọ àmì kúrò lára GNOME, kó fi sára Xfce tàbí LXQt, ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì á di ẹ̀ẹ̀kan.

OHUN TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ MỌ̀ KÍ Ẹ TÓ DÁ A LÁṢÀ

Ẹni tó bá sọ pé kò sí wàhálà kankan nínú rẹ̀, onítọ̀hún fẹ́ tajà ni. Ẹ gbọ́ ti wàhálà rẹ̀ náà.

Èkíní, Microsoft Word kò sí lórí rẹ̀ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. LibreOffice ló dípò rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Á ṣí ìwé Word, àmọ́ nígbà mìíràn ìlà á yẹ̀, tàbí kí tébù fò lọ sójú ewé kejì. Iṣẹ́ àṣejáde tó jẹ́ pé ilé ìwé kò ní gbà bí ìlà kan bá yẹ̀, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èkejì, ẹni tó jẹ́ pé CorelDRAW ló fi ń jẹun, kó rọra. Kò sí Corel fún Linux mọ́. Inkscape wà, ó lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tuntun ni. Kó máa lo èyí tó mọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ́ èyí tó ń kọ́.

Ẹ̀kẹta, prínta. Ọ̀pọ̀ prínta HP máa ń ṣiṣẹ́ láìjanpata. Àwọn mìíràn ní agídí. Kí ẹ tó nu Windows, ẹ mú Debian tí wọ́n ń pè ní live, èyí tó ń ṣiṣẹ́ láti orí fúláàṣì láìfọwọ́ kan hard disk, ẹ fi dán prínta yín wò. Bó bá kọ̀, ẹ kò tíì pàdánù nǹkan kan.

Ẹ̀kẹrin, aṣọ fífúyẹ́ kò lè fúyẹ́ fún íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ewé ìkànnì ayé òde òní wúwo, bí ẹ bá ṣí mẹ́wàá pa pọ̀ lórí GB 2, àtẹ á tún kún. Ẹ máa pa èyí tí ẹ kò lò dé. Bí owó díẹ̀ bá wọlé, ẹ fi RAM kún un, tàbí kí ẹ yọ hard disk tó ń yí, kí ẹ fi SSD sí i. Ìyàtọ̀ tí SSD máa ń mú wá kì í ṣe kékeré, owó rẹ̀ kò sì tó ti láàpútọ́ọ̀pù tuntun.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀rọ tó ti dàgbà jù, tó jẹ́ onílẹ́sẹ̀ 32-bit, Debian 13 tó jáde lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 2025 kò gbà á sílé mọ́. Debian 12, tó jáde lóṣù Júùnù 2023, ni kí ó wá. Ti 64-bit kò ní ìṣòro yìí.

ỌKỌ KÌ Í ṢE ỌKỌ́, BẸ́Ẹ̀ NI KÌ Í ṢE ỌKỌ̀

Ohun kan kù tí ìyá kò retí. Ọdún tó ti ń tẹ káàdì ìsìnkú àti ti ìsọmọlórúkọ ti pẹ́, òun àti àmì ohùn Yorùbá ló sì ń jà. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ wá fún un, á tẹ̀ ẹ́ láìní àmì, ẹ̀dùn ọkàn opó á wá di ẹlẹ́yà, nítorí ẹni tó ń kà á kò mọ̀ bóyá ọkọ ló kú ni, àbí ọkọ́ ló kán, àbí ọkọ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà. Owó, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀, bákan náà ni gbogbo wọn rí lórí káàdì rẹ̀.

Ọmọ náà wọ ibi ètò bọ́tìnnì nínú Xfce, ó wá orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Yorùbá ń bẹ níbẹ̀. Hausa ń bẹ níbẹ̀, Igbo ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n ti fi í síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ẹni tó bá rí i pé èdè òun kò sí nínú ìkòkò ní àyè láti bu ún sí i. Ìyá tẹ ẹ, ó fi àmì sí i nísàlẹ̀, ó fi àmì sí i lókè. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀, ó sì wò ó títí.

Lẹ́yìn náà ló padà sídìí ìwé àjọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ kìíní, ó ń tún wọn kọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá tó bí wọn ṣe pè wọ́n. Nígbà tó dé orúkọ ìyá elélùbọ́, ó dúró, ó gbé fóònù, ó pè é.

“Ọjọ́ Ajé ló kàn ọ́ láti kó o. Owó rẹ pé.”

Fúláàṣì méjèèjì ńkọ́? Ọ̀kan wà ní ilé ìyá, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n sì ń da iṣẹ́ tuntun sórí wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bí kọ̀ǹpútà bá tiẹ̀ wá kú lóòótọ́ lọ́jọ́ kan, nítorí kò sí ohun tí kì í kú, ẹ̀rọ nìkan ló máa kú.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé kí ẹ gbé tiyín jù nù, ẹ má tíì gbé e jáde. Ẹ kó ẹrù yín sí ibi ìpamọ́ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ wo aṣọ tó wọ̀. Ẹni tó bá sì ti gbìyànjú rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó dùn mọ́ ọn tàbí ó korò, ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún un.